Kì Í Ṣe Gbogbo Sísanra Ni Àlàáfíà

  Nínú ìwé wa tí ó ṣáájú èyí, ọ̀rọ̀ owó ìsìnkú àti ti ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú ni a sọ. Ti òní yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń lọ sí ilé ìwé ni, láti ọmọ ọdún 5 títí dé ẹni tí ó ń múra àtijáde ilé ìwé gíga. A mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná.

Ní ọjọ́ àríyá àwọn ọmọdé tí ẹ̀ka wa ṣe kẹ́yìn, a fa ìlà sí ẹnu géètì gbọ̀ngàn wa, a ní kí àwọn ọmọ sáré lọ sí ìdí igi máńgòrò, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì padà. Ọ̀nà náà kò jìn. Àgbàlagbà tí ó bá gbọ́ pé wọ́n ti ń pín ìrẹsì yóò rìn ín kí ẹ tó ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ kan sáré bí ẹsẹ̀ wọn ti mọ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà, tí wọn kò tí ì pé ọdún 10, tí wọ́n dúró sí àárín ọ̀nà, tí wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ó gun òkè. Ọ̀kan bi wá bóyá òun lè fi kẹ̀kẹ́ parí tòun. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ ló wúwo, ọmọ olówó ni!" A bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nígbà tí a délé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ wa mọ́.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn ọmọ tí ó sanra, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wa lẹ́bi fún un. Àwọn ìyá wa rí ìgbà tí ọmọ tí ó rù jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́ lóru. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó kún jẹ́ ẹ̀rí pé ibà kò bá a jà, pé ọmú ìyá rẹ̀ dára, pé ọwọ́ baba rẹ̀ dẹ̀. Fún àwa tí a wà ní Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ náà tún ní apá kejì. Bí a bá lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ara àwọn ọmọ wa ni àwọn ará ilé kọ́kọ́ ń wò láti mọ̀ bóyá àjò dára. "Ẹ ò rí àwọn ọmọ Kánò bí wọ́n ṣe ń dán!" Ọ̀rọ̀ yìí a máa dùn mọ́ wa dé egungun. Bí ọmọ bá sì ga sí i, tí ó wá rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìyá àgbà yóò pe ìyá ọmọ sí kọ̀rọ̀, yóò bi í bóyá nǹkan kò lọ dáadáa lọ́hùn-ún ni. Bẹ́ẹ̀ ni sísanra ọmọ ṣe di lẹ́tà tí a fi ń ránṣẹ́ sílé pé a kò kùnà.

Ṣùgbọ́n ara ní ìgbà tirẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí ó rí rọ́bọ́tọ́ yàtọ̀ sí ọmọ ọdún 11 tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kì í sì ṣe ìwọ̀n nìkan ni a ń wò. Ọmọ lè wúwo nítorí egungun àti iṣan, bí ọmọ tí ó ń bá baba rẹ̀ gbé ẹrù nínú ọjà, kò sì sí ewu níbẹ̀. Ọ̀rá tí ó gbá jọ sí inú ikùn, tí ó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ni àwọn oníṣègùn ń bẹ̀rù, nítorí pé òun ni ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn. Ní ọdún 2022, àwọn tí ń fi ìlànà ìṣègùn lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí ikùn ènìyàn ní àyíká má ṣe tó ìdajì gíga rẹ̀, wọ́n sì ní kí a lò ó fún ọmọ tí ó ti pé ọdún 5 pẹ̀lú. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ẹ mú okùn tín-ín-rín, ẹ fi wọn ọmọ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, ẹ gé e níbẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ẹ sì fi yí ikùn rẹ̀ ká, ní agbede-méjì egungun ìhà tí ó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí, nígbà tí ó bá ti mí síta. Bí okùn náà bá pàdé, ó dára. Bí kò bá pàdé, ẹ má pariwo, ẹ má sì pe ará ilé jọ wá wò ó; ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. A ṣe é nínú ilé tiwa. Nínú àwọn ọmọ 4 tí ó wà níbẹ̀, okùn ti ẹnì kan kò pàdé. Ti baba wọn náà kò pàdé, ṣùgbọ́n ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé ebi ni ìṣòro ilẹ̀ wa, kì í ṣe àjẹjù. Kò purọ́. Nínú àyẹ̀wò tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, nínú 100 ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, 37 ni kò ga tó bí ó ti yẹ nítorí àìrí oúnjẹ gidi jẹ fún ìgbà pípẹ́, ìhà tiwa níhìn-ín sì burú ju ti ilé lọ. Ṣùgbọ́n ìyà kan kì í dúró de òmíràn kí ó tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 1990, nínú 100 ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 19 ní gbogbo ayé, 8 ni ó tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2022, wọ́n ti di 20. Àpapọ̀ wọn ju mílíọ̀nù 390 lọ, mílíọ̀nù 160 nínú wọn ni tiwọn sì ti kọjá sísanra lásán, tí ó ti di àìsàn. Ọmọ tí ebi ń pa àti ọmọ tí ọ̀rá ń dè ń gbé ní òpópónà kan náà báyìí. Ẹ lè dúró sí ẹnu géètì yín kí ẹ rí àwọn méjèèjì.

Kí ni ó wá yí padà? Àwọn baba wa tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin wá sí ìlú yìí jẹ iyán, wọ́n jẹ ẹran, wọ́n sì mu ṣúgà nínú tíì wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n rìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà àárín wa bí àwọn òṣómàáàlò ṣe ru aṣọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n tún fi ẹsẹ̀ kan náà padà lọ sin gbèsè. Àwa ọmọ wọn rìn lọ sí ilé ìwé, a rìn bọ̀, a pọn omi, a sì fi ìrọ̀lẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àkísà títí tí ìyá wa yóò fi wá fi igi lé wa wọlé.

Tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni ó kọ́kọ́ bà á jẹ́. Nígbà tí ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí ti Kàdúná sì tẹ̀lé e ní ọdún 1962, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni àwòrán ń jáde, ilé kan péré ni ó sì ní in ní àdúgbò. Ọmọ tí ó bá fẹ́ wò ó yóò rìn dé ibẹ̀, yóò dúró lójú fèrèsé, ẹ̀fọn yóò sì lé e padà. Nígbà tí ó wá di ti olúkúlùkù, iná mànàmáná tí kò dúró ni ó bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Iná á lọ, gbogbo wọn á tú jáde. A bú àwọn oníná nígbà náà, a kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe wá lóore lápá kan. Fóònù alágbèéká dé ní ọdún 2001, nígbà tí ó sì di èyí tí ó ní àwòrán nínú, ó gbé iná tirẹ̀ lọ́wọ́. Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ti ilé ìwé pa ní ọdún 2020, tí àwọn olùkọ́ ní kí ẹ̀kọ́ máa gba inú fóònù wá. A fi fóònù lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́. Ilé ìwé ṣí padà. Fóònù kò kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa àlejò ju àwọn tí ó wà nílé lọ ni ó kù tí a fẹ́ sọ. A ń ti àwọn ọmọ wa mọ́lé. Gbogbo wa mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Kàdúná ní ọdún 2000, tàbí ní Jọ́ọ̀sì ní ọdún 2001, ẹni tí ó rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Òkè Ọya lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2011, kò ní fẹ́ kí ọmọ òun wà ní òpópónà nígbà tí ariwo bá dédé sọ. Àwọn ajínigbé tún wá fi tiwọn lé e. Ìyá wà ní ìsọ̀ títí di àṣálẹ́, baba wà ní ibi iṣẹ́, oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin sì ń kọjá ìwọ̀n 40. Kí ni kí òbí ṣe? Ó ti géètì, ó fi fóònù lé ọmọ lọ́wọ́, ó gbé àwo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. A kò bá òbí bẹ́ẹ̀ wí, nítorí àwa náà ti ṣe é. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbẹ̀rù tí a fi ń dáàbò bo ọmọ ti wá ń ṣe ọmọ náà ní ibi mìíràn, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí ariwo tí yóò jí wa lóru. Lẹ́yìn géètì yẹn náà, ẹ tẹ́tí sí i ní ìrọ̀lẹ́: àwọn ọmọ Haúsá aládùúgbò wa ń ta lángà lẹ́sẹ̀ kan, àwọn ọmọbìnrin wọn ń pàtẹ́wọ́ gádà. Àwọn tiwa ń fi àtàǹpàkò ṣe eré.

Báwo ni wíwo nǹkan ṣe ń di ọ̀rá? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àìrìn nìkan ni. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́, bóyá òun pàápàá kọ́ ni olórí. Ní ọdún 1985, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Dietz àti Gortmaker, gbé ìwádìí jáde lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17, wọ́n rí i pé bí ọmọ bá ṣe ń fi wákàtí kan kún èyí tí ó fi ń wo tẹlifíṣọ̀n lójúmọ́ ni iye àwọn tí ó sanra jù ń fi nǹkan bí 2 nínú 100 lé sí i. Àwọn kan dáhùn pé bóyá ọmọ tí ó ti sanra tẹ́lẹ̀ ni ó fẹ́ràn ìjókòó. Ìbéèrè gidi ni, àgbà kò gbọdọ̀ fò ó.

Dókítà àwọn ọmọdé kan, Thomas Robinson, wá ìdáhùn sí i ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 2 ní ìlú San Jose ní California, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1999. Àwọn ọmọ 192 ni. Ilé ìwé kan ń bá ìgbésí ayé rẹ̀ lọ bí ó ti wà. Èkejì gba ẹ̀kọ́ 18 láàárín oṣù 6 lórí bí a ti ń dín tẹlifíṣọ̀n, fídíò àti géèmù kù: wọ́n kọ́kọ́ pa á tì fún ọjọ́ 10, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan má ṣe ju wákàtí 7 lọ lọ́sẹ̀. Wọn kò ní kí wọ́n lọ máa sáré dípò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún àwọn ọmọ náà wọ̀n, ọ̀rá ara àwọn tí wọ́n dín in kù kò pọ̀ sí i tó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé wọn kò fò, wọn kò sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lọ́nà tí ó hàn gbangba. Ohun tí ó hàn ni pé oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ níwájú tẹlifíṣọ̀n dín kù.

Ní ìlú Buffalo pẹ̀lú, ní ìpínlẹ̀ New York, ọ̀gbẹ́ni Epstein àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn ọmọ 70 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 4 sí 7. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan sí ara tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà tí ó ń ka wákàtí. Fún ìdajì wọn, wọ́n ń dín wákàtí náà kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ìdajì. Ọdún 2 ni wọ́n fi ṣọ́ wọn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Àwọn tí a dín tiwọn kù kò sanra tó àwọn yòókù. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ni ó dín kù. Ìrìn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ẹ dákun, ẹ dúró lórí èyí, nítorí òun ni ó yí ọkàn àwa fúnra wa padà. Ọmọ tí ojú rẹ̀ wà nínú fóònù kò mọ̀ pé òun ti yó. Ọwọ́ ń lọ sínú àwo, ẹnu ń jẹ, ọkàn wà lọ́dọ̀ ológbò tí ń lé eku. Bí àwo bá ṣófo, yóò ké pe ìyá rẹ̀ pé òun kò tí ì jẹun tó, ìyá rẹ̀ á sì gbà gbọ́. Nígbà tí a ń jẹun nínú àwo kan náà yí bàbá ká, ìṣòro yìí kò sí. Ẹ̀gbọ́n ń ṣọ́ òkèlè àbúrò, gbogbo ojú wà nínú ọbẹ̀, ẹran kò sì kúrò nínú àwo láìjẹ́ pé ẹnì kan fún ni. A máa ń rò pé ìfìyàjẹni ni. Ó ń kọ́ ikùn ní ìwọ̀n.

Lórí ìyẹn ni ìpolówó ọjà tún wá. Láàárín àwòrán kan àti èkejì, wọn yóò fi ohun dídùn han ọmọ: bisikíìtì, ṣokoléètì, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Kò sí ẹni tí ń polówó kúnú aláìníṣúgà tàbí ẹ̀wà fún ọmọdé. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò kí ẹ tó rà á. Bí ohun mímu bá ní gíráàmù 10 ṣúgà nínú mílílítà 100, ìgò ìdajì lítà kan ṣoṣo ti gbé gíráàmù 50 wọ inú ọmọ, èyí tí ó ju ṣíbí ìmutíì 12 lọ. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní ọdún 2015 fi nǹkan bí gíráàmù 50 ṣe òpin fún àgbàlagbà fún odindi ọjọ́ kan, wọ́n sì ní bí ó bá lè jẹ́ ìdajì rẹ̀, ó sàn. Ta ni nínú wa tí yóò fi ṣíbí 12 ṣúgà sínú ife omi kan, kí ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀ mu?

Orun ni ẹ̀kẹta, àwọn baba ni ẹ̀bi yìí sì kàn jù, nítorí fóònù baba ni ọmọ máa ń mú wọ abẹ́ aṣọ ìbora. Ọmọ ọdún 6 sí 12 yẹ kí ó sùn wákàtí 9 sí 12, ẹni ọdún 13 sí 18 yẹ kí ó sùn wákàtí 8 sí 10. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù ń tan ọpọlọ jẹ pé ilẹ̀ kò tí ì ṣú, orun yóò sì sún síwájú. Ọmọ tí kò sùn tó, ebi a máa pa á ní ọjọ́ kejì ju bí ó ti yẹ lọ, ohun dídùn ni ara rẹ̀ yóò sì máa bèèrè. Ó tún rẹ̀ ẹ́ láti ṣeré. Bẹ́ẹ̀ ni yóò tún padà sí orí àga.

A kò sọ pé fóònù nìkan ló fa gbogbo rẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé kan láti tóbi. Àìsàn mìíràn lè wú ara ọmọ, oògùn mìíràn sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. A kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ebi pa ọmọ. Ọmọ tí ń dàgbà ní láti jẹun. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí a bá dá a dúró kí ó má ṣe sanra sí i, gíga rẹ̀ yóò wá bá ara rẹ̀. Ohun kan wà tí a fẹ́ sọ kíkankíkan: ẹ jẹ́ kí a yé pe ọmọ ní "ọ̀rọ́bọ́" lójú àwùjọ. A gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn wa, lẹ́nu àgbàlagbà, ọmọ náà kò sì padà wá sí ìpàdé àwọn ọmọdé láti ọjọ́ náà. Yàrá ni ó padà sí, sọ́dọ̀ fóònù tí kì í pe orúkọ burúkú.

Àwọn kan ti bá wa jiyàn pé fóònù ń kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n. Ó ń kọ́ ọ. Kí ọmọ fi í ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, kí ó fi í bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú ní ọjọ́ ìsinmi, èyí dára, a kò sì kà á mọ́ ohun tí a ń bá wí. Wákàtí tí ó kọjá láìní ìdí ni a ń wí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2020, sọ pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ṣe ohun tí yóò mú kí ó mí dáadáa, kí a sì dín wákàtí tí ó fi ń jókòó ti ojú ẹ̀rọ kù. Ìṣẹ́jú 60 péré. Ẹ wo ọmọ yín lánàá: nígbà wo ni ó rí i?

Nínú ilé, a rò pé ohun tí olúkúlùkù lè ṣe láìná kọ́bọ̀ kò pọ̀. Kí oúnjẹ àti fóònù má ṣe pàdé, ìyẹn ni ti àkọ́kọ́, òfin náà sì gbọdọ̀ mú baba pẹ̀lú, nítorí ọmọ kì í gbọ́ ohun tí a wí tó ohun tí ó rí. Kí fóònù gbogbo sùn ní yàrá òbí, kì í ṣe ti ọmọ. Kí omi wà nínú ike tí ọmọ ń gbé lọ sí ilé ìwé. Ilé ìwé tí kò bá jìn, tí ojú ọ̀nà rẹ̀ sì dára, kí ẹnì kan bá àwọn ọmọ ilé mẹ́ta mẹ́rin rìn lọ pọ̀ dípò kí a kó wọn jọ sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè sáré nínú yàrá. Èyí ni ó mú wa dé orí àgbàlá gbọ̀ngàn wa, ibẹ̀ sì ni a mọ̀ pé a ó ti ṣẹ àwọn kan.

Àwọn tí ó ra ilẹ̀ yẹn fún ẹgbẹ́, tí wọ́n dá owó rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, fi odi yí i ká kí ó lè jẹ́ ibi tí ọkàn wa yóò ti balẹ̀. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi í háyà fún àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù láti sun ọkọ̀ wọn sí, àti fún àwọn ìsọ̀ láti kó ọjà pa mọ́. Akápò wa ti ṣàlàyé fún wa pé owó yẹn ni a fi ń san iná àti olùṣọ́, pé òun ni a sì fi tún òrùlé ṣe. A gbà á gbọ́. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n àgbàlá kan ṣoṣo tí ó ní odi, tí ó ní géètì, tí ó ní olùṣọ́, tí gbogbo wa sì mọ ẹni tí ń wọlé tí ń jáde, ni èyí. Kò sí ibòmíràn tí ọmọ wa lè ti sáré láìjẹ́ pé àyà ìyá rẹ̀ ń já. A ti fi í fún ọkọ̀, a sì fi àwọn ọmọ sínú yàrá.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Kí wọ́n kó ọkọ̀ kúrò ní apá ìdí máńgòrò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti aago 4:30 ìrọ̀lẹ́ títí di 6:15, kí àwọn ọmọ tó lọ kírun tàbí lọ sílé. Kí òbí 2 máa dúró tì wọ́n nígbà kọ̀ọ̀kan, ní ìyíká. Àwọn ìyá àgbà méjì kan ti ní àwọn yóò kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré tẹ́ńtẹ́n, bí ìka ẹsẹ̀ wọn bá ṣì gbà wọ́n láyè. Àwọn ọmọ yóò sì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn fún wákàtí kan gbáko, èyí tí kátúùnù kò lè fún wọn. Bí ọmọ aládùúgbò wa Haúsá tàbí Ìgbò bá fẹ́ bá wọn ṣeré, tí òbí rẹ̀ sì mọ̀ sí i, a kò rí ìdí tí a ó fi lé e. Owó tí yóò já kúrò nínú owó háyà, kí ìgbìmọ̀ pín in sórí owó oṣù wa. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti ṣetán láti san tiwa.

Akọ̀wé ti fi ọ̀rọ̀ náà sínú ètò ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìròyìn akápò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àwọn àgbà ọlọ́kọ̀ nìkan sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n dìbò. Kí àwọn ìyá wá, bí ó tilẹ̀ gba pé kí wọ́n ti ìsọ̀ ní kùtùkùtù. Ẹni tí ó bá sì ní okùn fífò tàbí bọ́ọ̀lù tí kò lò mọ́ nílé, kí ó mú un wá fún olùṣọ́ gbọ̀ngàn, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.